Ẹni tí Múfú Lè Rán Níṣẹ́

Inú bùláńkẹ́ẹ̀tì ni Bùrọ̀dá Ràímì dì í sí
nígbà tó gbé e dé Àjàṣẹ́ láti Kútọnu,
bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí.
Gbogbo Ọ̀gánlá ló yọjú.
Ìyá àgbà ní, "Ṣé ó máa ń jẹun?"
Bùrọ̀dá ní iná ló ń jẹ.
"Ó dáa. A ó máa wo ẹni tó máa sanwó oúnjẹ rẹ̀."

Kò ní ojú tirẹ̀. A yá a ní tẹlifíṣọ̀n Bàbá,
èyí tí a máa ń gbá létí kó tó mọ́lẹ̀.
Kò ní ohùn tirẹ̀. A yá a ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì
tí ń han bí ìrẹ̀ inú koríko ọ̀sà
fún ìṣẹ́jú méje gbáko,
tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sín,
nítorí Sàlámátù ní bí a bá sín
yóò gbàgbé ibi tó kà dé.

Lẹ́yìn náà, igun kékeré funfun kan
ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú, nínú dúdú gíláàsì.
Kò sọ nǹkan kan. Ó ń dúró dè wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí:
kò mọ Kútọnu tó ti wá.
Kò mọ ọjọ́ tí a wà, àfi bí a bá wí fún un.
Kò sí okùn kankan tó so ó mọ́ èkejì rẹ̀ níbikíbi,
àfi okùn iná, àti èyí tó wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.
Bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀.
Nínú agboolé tí gbogbo ẹni tó ga ju ìgò lọ
ti mọ ohun tó yẹ ká ṣe,
a rí ẹnìkan tí kò mọ nǹkan.

Múfú ló dùn mọ́ jù. Àbíkẹ́yìn ni.
Láti ìgbà tó ti lè rìn ni wọ́n ti ń rán an:
Múfú, iyọ̀. Múfú, epo àtùpà.
Múfú, lọ wò ó bóyá ìyá Àmúdá ti dé láti Wàndó.
Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó fi ìka kan ṣoṣo
wá lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà:
LO BU OMI WA.
Ẹ̀rọ náà kò ní ọ, o nìkan ló ní.
Ó dáhùn ní Faransé pé àṣìṣe ni.
Múfú tún un tẹ̀. Àṣìṣe.
Sàlámátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n Múfú rọra gbé ọwọ́ lé e lórí,
ó ní, "Má wulẹ̀ lọ. Èmi náà kì í fẹ́ lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni Bùrọ̀dá pín fún wa,
ó ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ ṣọ́ wa.
La bá gé páálí ọṣẹ,
Sàlámátù fi bírò ya bọ́tìnnì sí i, A, Z, E, R, T, Y,
a ń tẹ páálí lábẹ́ igi máńgòrò títí ilẹ̀ fi ṣú.
Páálí kì í sọ pé àṣìṣe ni.
Ohun tí a tẹ̀ sórí rẹ̀ kì í kù síbì kan.
Ẹ̀rọ náà kò sì yàtọ̀: iná á kú,
gbogbo ohun tí a fi ọ̀sán kan kọ́ ọ á lọ,
á tún máa wò wá bí ẹni tí kò rí wa rí.
Inú kì í bí wa. Ó kéré ni.

Lọ́dún kejì, òjò jò lé e lórí.
Bùrọ̀dá gbé e lọ sí Kútọnu láti tún un ṣe.
Òun nìkan ló padà.

Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi báyìí, Èkó ni wọ́n ti rà á.
Bí ìka mi bá wá A, Q ló ń bá.
Ó mọ ibi tí mo wà kí n tó jókòó.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọ́fíìsì dá, mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀:
LO BU OMI WA.
Ó kó ilé ìtajà mẹ́rin tó ń ta omi sílẹ̀ fún mi,
pẹ̀lú iye owó wọn.
Mi ò tíì sọ fún Múfú.